Obìnrin Tó Fẹjọ́ Káfíńtà Sùn

Ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn ni káfíńtà ti kọ́kọ́ rí obìnrin náà. Ó ń fi imú fínná, òun àti nọ́ọ̀sì ń fa ìgò lọ́fínńdà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

"Ṣé mo fẹ́ mu ún ni?"

"Àwọn kan ti mu ún rí níbí," nọ́ọ̀sì fèsì.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà yíjú sí i. "Ọlọ́tí, kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọlọ́tí ni mí?"

"Òórùn ẹ ló ṣáájú ẹ wọlé."

Aránṣọ ni obìnrin náà. Oògùn oorun ló sọ ọ́ di ẹrú. Wọ́n gba fóònù àwọn méjèèjì, wọ́n tú ẹrù wọn títí dé inú ìbọ̀sẹ̀. Agogo ní ń jí wọn. Wọn á gbálẹ̀, wọn á jókòó láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọn á sọ òótọ́ nípa ara wọn. Èèwọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nínú ilé náà.

Ara káfíńtà gbọ̀n, ó bì, ó bú gbogbo ayé. Aránṣọ kò rí oorun sùn. Ìkòkò ni wọ́n jọ ń fọ̀, wọn a máa bú ara wọn títí á fi mọ́. Kò pẹ́ tí èébú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn létí àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ìyá káfíńtà gbé fíláàsì tíì wá. Ta ni yóò tú ẹrù ìyá arúgbó wò? Ọtí ló wà nínú rẹ̀.

"Díẹ̀ péré ni, ọmọ mi, kí ọwọ́ ẹ yéé gbọ̀n."

Aránṣọ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu káfíńtà nídìí ìkòkò. Ó lọ pe nọ́ọ̀sì.

Wọ́n da ọtí nù, wọ́n ní kí ìyá má wá mọ́, wọ́n dá ọmọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

"Ọ̀dàlẹ̀," káfíńtà wí. "Ẹkún ni ìyá mi sun jáde."

"Kó sun ún. Ó sàn ju kó sun ún lórí òkú ẹ lọ."

Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí obìnrin náà fi parí ìtọ́jú, tó lọ. Ìbínú ni káfíńtà fi fara da ìyókù ìtọ́jú tirẹ̀. Ó fẹ́ kí ara òun yá, kí òun lè lọ bú u dáadáa.

Ọjọ́ tó jáde, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló gbà lọ tààrà. Ó bá ìyá tirẹ̀ níbẹ̀, tó ń tú ojú rírán.

"Màmá, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá bú u ni. Ó ní kí n jókòó bú u."

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ," káfíńtà sọ fún aránṣọ.

"Mo mọ̀."

"Ọtí náà ṣì ń pè mí."

"Oògùn náà ń pè mí."

"Tí mo bá dá a lóhùn ńkọ́?"

"Màá fẹjọ́ ẹ sùn fún Màmá."

Ìyá káfíńtà kò gbójú sókè lára aṣọ. "Ìyàwó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni kó o fẹ́," ó ní.

Káfíńtà fa àga, ó jókòó ti aránṣọ. "Òun náà ni mo wá fẹ́."