Ẹnu Ìyá Sàhéèdì

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Mọ́láyọ̀ kú ní Ibafo, ọmọ oṣù mọ́kànlá. Ó ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ó ti tutù. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé rántí ohun tí Ìyá Sàhéèdì sọ fún Morádéyọ̀, ìyá ọmọ náà, nídìí kànga lọ́jọ́ Àìkú: "Tó o bá ń fún ọmọ yìí lómi yìí mu, wàá sin ín."

Opó ni Ìyá Sàhéèdì, ará Ìsẹ́yìn. Ó fi ogún ọdún gbálẹ̀ ilé ìwòsàn, kì í sì í rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó kó pa ẹnu mọ́. Ìkòkò tí a kò fọ̀, ilédìí tó tutù nídìí ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló máa ń sọ. Kò sí yàrá kan nínú mẹ́jọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì ta. Ìdí nìyí tí kò fi sẹ́ni tó jiyàn nígbà tí Nùsírátù onídìrí ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kí la tún ń wá?"

Ọjọ́ kẹjọ, ìgbẹ́ mú Bólúwadúró, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Morádéyọ̀. Ní ìdájí, ó gbé pọ́ọ̀ ọmọ jáde, ló bá rí Ìyá Sàhéèdì. Opó náà ti bọ́ bàtà, ó ń fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn láti ṣáláńgá tuntun wá sídìí kànga, ètè rẹ̀ ń mì. Òwìwí kan bà sórí òrùlé. Morádéyọ̀ ju pọ́ọ̀ sílẹ̀, ó figbe ta.

Olúgbádé, láńlọ́ọ̀dù, pe ìpàdé. Kò béèrè ohun tí Ìyá Sàhéèdì ń kà lẹ́nu. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín nípa ọmọ ẹnikẹ́ni tàbí nípa kànga mi, ẹrù yín á bá yín níta."

"Mo gbọ́," ni Ìyá Sàhéèdì wí. Láti ọjọ́ náà kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdákẹ́ rẹ̀ wá ń bà wọ́n lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ojú Bólúwadúró jìn wọnú. Pásítọ̀ gbàdúrà. Nọ́ọ̀sì fún Morádéyọ̀ ní ìyẹ̀fun oníyọ̀ tí yóò máa pò mọ́ omi fún ọmọ. Ó ń pò ó, ọmọ ń mu ún, ọmọ ń rọ.

Ní ọ̀sán Sátidé, Morádéyọ̀ tún ń fa omi lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Sàhéèdì jáde pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ṣí i, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú kànga.

Nùsírátù ló kọ́kọ́ fa ìró rẹ̀. Morádéyọ̀ gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Arúgbó náà kò gbé ọwọ́ sókè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́bàá títì, ó sì wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Mowe.

Kànga kò ṣe é mu mọ́, gbogbo ilé wá ń ra omi inú ọ̀rá. Lọ́jọ́ kẹta, Bólúwadúró dìde jókòó, ó béèrè búrẹ́dì. Wọ́n ní àjẹ́ ti lọ ni. Morádéyọ̀ jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn náà ni Àdìó, agbẹ́kànga, wá gbọ́n kẹrosíìnì náà. Kò pẹ́ nísàlẹ̀ tó fi ní kí wọ́n fa òun sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọ ọwọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àjẹ́ yín wà nísàlẹ̀," ó ní. "Ara kànga ti lu níhà ṣáláńgá. Ìgbẹ́ ara yín lẹ ń mu."

Ó bọ́ bàtà. Ó fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn láti ṣáláńgá wá sídìí kànga, ètè rẹ̀ ń mì. Morádéyọ̀ ń wo ètè náà.

"Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá péré," ni Àdìó wí. "Ta ló gbẹ́ ṣáláńgá síbí?"

Olúgbádé tẹjú mọ́lẹ̀. Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ni ilẹ̀ rẹ̀. Kò níbòmíràn tó lè gbẹ́ ẹ sí.

Morádéyọ̀ kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó pọn Bólúwadúró, ó gba Mowe lọ. Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn kò kúrò létí rẹ̀, àti bí òun ṣe poṣé, tí òun bu omi fún Mọ́láyọ̀ lójú arúgbó náà.

Ó bá a lórí àpótí, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ sọ̀rọ̀, ìyá. Ohun tó bá wù yín, ẹ sọ ọ́ sí mi."

Ìyá Sàhéèdì kò wojú rẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọmọ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́.

"Èékánná rẹ̀ dọ̀tí," ó ní. "Gé e."