Lójú Ọ̀nà Tanglang La

Inú omi ni Skarma ti kọ́kọ́ rí Chuskit. Omi yìnyín tó ń ti orí òkè Baralacha ṣàn wálẹ̀ ti bo ojú ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń hó yaya, ó ń yí òkúta kiri, alùpùpù Skarma sì ti kú sí àárín rẹ̀ pátápátá. Bó ṣe ń ti máṣíìnì náà ni omi ń ti òun náà. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀.

"Má tàn án o! Mo ní má tàn án! Tó o bá tàn án, omi á wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn dé Leh!"

Ó yíjú pa dà. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń bọ̀ nínú omi tó mù ún dé orúnkún. Ó ga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí oòrùn àti òtútù jọ ń bá jà, irun rẹ̀ tó dì yọ lábẹ́ akoto, ẹrẹ̀ sì ti ta sí i dé àgbọ̀n. Kò kí i, kò béèrè orúkọ. Ó di ẹ̀yìn máṣíìnì náà mú, ó kígbe sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì létí omi, wọ́n sì jùmọ̀ wọ́ ọ jáde bí ẹni ń wọ́ màlúù tó já sí kòtò.

"Ẹ ṣé gan-an," ni Skarma wí. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀sán ni wọ́n ń gba inú omi yìí? Àárọ̀ ni, kí oòrùn tó yọ́ yìnyín."

"Mo mọ̀. Oorun ló gbé mi lọ."

Ọkùnrin onísanra tó dúró tì í bú sẹ́rìn-ín. "Chuskit, ẹni tèmi nìyí! Ẹ ń fi oorun èmi nìkan ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀."

Ishey ni orúkọ onísanra náà, alásè ni ní ìlú Leh. Palmo, obìnrin tó kù, nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ Chuskit ni láti máa ṣáájú àwọn tó fẹ́ fi alùpùpù gba orí àwọn òkè náà kọjá, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí ọ̀nà bá ti là, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì yìí máa ń rìn ín fún ìgbádùn ara wọn. Skarma ní tirẹ̀, ọmọkùnrin abúlé Sumur ni, lódì kejì òkè Khardung La, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ti ń gbin èso ápíríkọ́ọ̀tì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún òróró inú kóró èso náà ló lọ rà ní ìlú Manali, òun ló dì mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì tí ẹrù fi wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Chuskit tú púlọ́ọ̀gì, ó gbọn omi dà nù, ó nù ún, ó dá a pa dà. Máṣíìnì wúkọ́, ó sì tàn.

"Ẹ̀yìn mi ni kó o máa wà," ló sọ. "Má yà mí sílẹ̀, má sì sún mọ́ mi jù."

"Báwo ni kí n ṣe mọ ibi tó jìnnà tó?"

"Tó o bá ń rí ojú mi nínú dígí, o ti sún mọ́ mi jù nìyẹn."

Kí wọ́n tó dé orí Baralacha, Skarma ti sún mọ́ ọn jù lọ́pọ̀ ìgbà.

Òjò dídì bá wọn lókè, ó funfun débi pé wọn ò rí ògiri òkè mọ́. Chuskit kò sáré. Níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, á dúró, á fọn fèrè alùpùpù rẹ̀, á fetí sílẹ̀, kó tó kọjá. Ishey ń kùn lẹ́yìn pé bó ṣe ń lọ yìí, ọbẹ̀ tí òun fẹ́ sè á ti kan kí wọ́n tó dé.

Ní àgọ́ tí wọ́n sọ̀ sí ní Sarchu, níbi tí wọ́n ti ń fọn ẹnu sí ọbẹ̀ gbígbóná, Skarma bi Chuskit léèrè ìdí tó fi ń dúró níbi kọ́rọ́. Palmo wo ilẹ̀. Chuskit gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Stanba. Òun ló kọ́ mi ní alùpùpù. Lọ́rì kan gbá a pa ní kọ́rọ́ kan ní Tanglang La, lókè abúlé wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà."

"O ò wá pa alùpùpù tì?"

"Tí mo bá pa á tì, ibi kọ́rọ́ yẹn ni màá wà títí ayé mi." Ó gbé abọ́ rẹ̀. "Jẹun, ọbẹ̀ ń tutù."

Bí wọ́n ṣe dé Leh, ó yẹ kí Skarma máa lọ sílé. Ó ní bíréèkì òun ń dún. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ṣéènì ti dẹ̀. Chuskit wo ṣéènì náà, ó wo ojú rẹ̀.

"Ṣé kí n tú u ni, kó o lè rí nǹkan sọ lọ́la?"

"Jọ̀ọ́, tú u, ọkàn mi."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Jálẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Skarma ń gba orí Khardung La wá, tòun ti èso ápíríkọ́ọ̀tì nínú àpò, tí á ti fọ́ mọ́ra wọn kó tó dé. Chuskit á fi búrẹ́dì nù ún, á jẹ ẹ́, á ní kò tíì jẹ nǹkan tó burú tó báyìí rí, á sì ní kó mú òmíràn wá.

Nígbà tí ewé ń wọ́, Skarma mú àbúrò ìyá rẹ̀ dání, wọ́n gbé chang, ọtí ọkà báálì, lọ sí abúlé Gya, sọ́dọ̀ Aba Rigzin, bàbá Chuskit. Ìyá Chuskit ti kú nígbà tí Chuskit wà ní kékeré. Bàbá yìí nìkan ló kù fún un. Bí bàbá ọmọ bá mu ọtí náà, ó ti fún wọn lọ́mọ nìyẹn. Aba Rigzin kò tiẹ̀ fọwọ́ kan ife.

"Ojú ọ̀nà yẹn ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi," ló wí. "Kí Chuskit gbé máṣíìnì sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gbé e sílẹ̀, ẹ pa dà wá, màá mu ún."

Skarma bá Chuskit ní Leh, níbi tó ti ń fi òróró sí ṣéènì máṣíìnì rẹ̀.

"Mo ti gbọ́ ohun tí Aba sọ," ni Chuskit wí. "Kí lo fi dá wọn lóhùn?"

Skarma ń wo ṣéènì.

"Skarma."

"Mo ní màá bá ẹ sọ ọ́. Fún ìgbà díẹ̀ ni, Chuskit. Ká ṣègbéyàwó ná, tó bá yá, inú wọn á rọ̀…"

Chuskit rọra gbé sípánà sílẹ̀. "Ìwọ náà?"

"Nítorí pé mo fẹ́ ẹ ni."

"Ta lo fẹ́? Èmi tí mo wà níbí ni, àbí ẹnì kan tó jókòó sílé tó ń jẹ́ orúkọ mi? Tó bá jẹ́ ẹni yẹn ni, máa wá a lọ."

Ó tan máṣíìnì rẹ̀, ó lọ, kò wẹ̀yìn. Kò sì pẹ́ tí òjò dídì fi sé Khardung La.

Inú òtútù yẹn ni Skarma ti ń fún òróró ní Sumur, tó ń fi ìbínú yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ìyá rẹ̀, Ama Yangzes, wò ó títí.

"Ta lo ń bá jà, ẹ̀rọ ni àbí ara ẹ?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá náà jókòó tì í.

"Olórin ni mí kí bàbá ẹ tó fẹ́ mi," ló wí. "Ó ní obìnrin ilé òun ò gbọdọ̀ kọrin níta. Mo gbà, torí mo fẹ́ràn ẹ̀. Èèyàn dáadáa ni bàbá ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn orin yẹn ò kúrò lọ́fun mi dòní. Má ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ."

Ọjọ́ tí wọ́n kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà ni Skarma gbéra. Kò yà sí Leh. Tààrà ló lọ sí Gya, ó bá Aba Rigzin lẹ́nu ọ̀nà, Chuskit sì wà lórí òrùlé tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín dà sílẹ̀. Chuskit rí i, ó kàn ń kó yìnyín rẹ̀ lọ.

"Aba," ni Skarma wí sókè, kí ẹni tó wà lórí òrùlé lè gbọ́, "iṣẹ́ tí ẹ rán mi sí ọmọ yín, kò yẹ kí n jẹ́ ẹ. Mo ti ṣe àṣìṣe. Mi ò ní sọ pé kó gbé máṣíìnì sílẹ̀ mọ́ láé, bí ẹ tilẹ̀ ní kí n má fẹ́ ẹ."

"Kí lo wá wá ṣe níbí?"

"Mo wá bẹ Chuskit ni."

Ṣọ́bìrì dúró. Chuskit sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó dúró síwájú Skarma, ó wò ó láti orí dé bàtà.

"O pẹ́," ló wí.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà ni."

"Mo mọ̀. Mo ń béèrè lójoojúmọ́." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Aba, lọ́la, ẹ wọ aṣọ tó nípọn. Ẹ̀yìn mi lẹ máa jókòó sí, à ń lọ sí Tanglang La."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Láti ọjọ́ tí Stanba ti kú, inú orí yín lẹ ti ń wo ojú ọ̀nà yẹn. Ẹ wá fojú yín wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ sọ, màá gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé máṣíìnì sílẹ̀ o, Aba. Mo sọ ọ́ fún yín tìfẹ́tìfẹ́."

Ó pe Ishey àti Palmo lórí fóònù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì ti dé. Chuskit àti bàbá rẹ̀ ṣáájú, Palmo tẹ̀ lé wọn, Skarma àti Ishey wà lẹ́yìn. Aba Rigzin di ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ mú, ó di ojú. Chuskit ń bá a sọ̀rọ̀ lórí èjìká: "Aba, kọ́rọ́ kan ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì. A ti kọjá. Yìnyín wà lójú ọ̀nà níbí, mo ń rọra lọ." Nígbà tó yá, bàbá la ojú.

Ní kọ́rọ́ kan lókè, Chuskit dúró, ó fọn fèrè. Gbogbo wọn dúró. Ńṣe ni lọ́rì ńlá kan yọ, tó gba ojú ọ̀nà tán, tó ń sáré wálẹ̀, ó sì ré wọn kọjá. Aba Rigzin wo ibi tí táyà rẹ̀ tẹ̀, ibi tí àwọn ì bá wà.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ń bọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Aba. Mo máa ń dúró ni."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ògiri òkúta, ó wo ọ̀gbun. "Níbí ni?"

"Níbí ni. Mo gbé orí ẹ̀ lé itan mi. Ó bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kò dá wà, Aba."

"O ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí rí."

Aba Rigzin kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan ọ̀dà ojú ọ̀nà, ó sì sunkún kíkankíkan. Ishey ṣí akoto. Skarma fi máṣíìnì rẹ̀ dínà lókè, Palmo fi tirẹ̀ dínà nísàlẹ̀, kí ọkọ̀ kankan má bàa dí bàbá lọ́wọ́. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dé òkè."

Lórí òkè pátápátá, níbi tí atẹ́gùn ti ń na àwọn aṣọ àdúrà aláràbarà, ó wò yíká.

"Ọmọkùnrin Sumur dà?"

Skarma sún mọ́ ọn.

"Ọtí dà?"

"Aba… mi ò mú ọtí wá. Mi ò mọ̀ pé…"

"Wọ́n á wá tọrọ ọmọ, wọn ò ní gbé nǹkan kan lọ́wọ́!"

Ishey ti ń tú àpò rẹ̀ kíákíá. "Tíì oníbọ́tà, oníyọ̀, wà o! Mo pò ó láàárọ̀!"

Skarma fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì náà fún un. Aba Rigzin kò tíì mu ún. "Chuskit, ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, Aba. Inú ló ń bí mi."

Bàbá gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tán. Ó nu irùngbọ̀n rẹ̀. "Iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù," ló wí, ojú rẹ̀ ṣì tutù. Ariwo tí Ishey pa pọ̀ débi pé àwọn awakọ̀ tó ń sinmi lókè ń yọjú wò wọ́n.

Ìgbà tí ápíríkọ́ọ̀tì pọ́n ni wọ́n ṣègbéyàwó. Chuskit dé perak, adé ìyàwó tó kún fún òkúta aláwọ̀ ewé, èyí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Wọ́n jó ní Gya títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n. Nígbà tó tó àkókò láti lọ sílé ọkọ, ó rọra ṣí adé náà, ó gbé e fún Ama Yangzes nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì dé akoto. Ama Yangzes gbé adé náà lé itan, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin ìyàwó kan, sókè, níwájú gbogbo èèyàn. Skarma kò gbọ́ ohùn yẹn rí.

Níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti Khardung La, tí àfonífojì ti tẹ́ rẹrẹ níwájú wọn, Chuskit dúró. Skarma dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló máa ṣáájú?" ni Skarma bi í. "Ilé wa ni à ń lọ."

Chuskit wo ojú ọ̀nà tó lọ gbọọrọ nísàlẹ̀ láàárín iyanrìn. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀nà fẹ̀ níbẹ̀ yẹn, olólùfẹ́ mi. Jẹ́ ká jọ máa lọ."