Wáyà Ẹnu Saeedah

Ẹ̀rín ni Saeedah rín tí wáyà tó wà lára eyín rẹ̀ fi kọ mànà lójú oòrùn. Ìsọ̀ iṣu ìyá Abdulwaris ní ọjà Ìpàta ló dúró sí, tó ń wá iṣu tí kò ní le lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni ọkàn Abdulwaris, tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà, kò ti sí nídìí iṣu mọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ rẹwà báyìí, ta ló fi wáyà dè yín lẹ́nu?"

"Dókítà eyín ni. Ó fẹ́ kí wọ́n tò dáadáa."

"Ṣé ó máa ń dùn yín?"

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni Saeedah, kò mọ ìdáhùn ṣókí. Ó ní eyín kò lẹ̀ mọ́ egungun. Okùn tín-ín-rín ló so wọ́n pọ̀. Bí wáyà bá ti eyín, á fún okùn náà, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá, ara á sì tú èròjà kan jáde tí í mú ibẹ̀ wú, kó máa ro gooro. Èròjà ọ̀hún náà ló ń mú kí egungun iwájú eyín yọ́ díẹ̀díẹ̀ kí eyín lè rìn, tí egungun tuntun á sì hù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọjọ́ kejì tí wọ́n bá fún wáyà náà le ló máa ń dùn mí jù," ó ní.

"Wàlàhí, ẹ máa kọ́ mi lọ."

Ó sì kọ́ ọ, títí ẹ̀kọ́ fi di ìfẹ́.

Ọjọ́ tí Abdulwaris mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Alhaja Bàríkísù, ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wáyà Saeedah le. Ìyá ti din adìyẹ ìbílẹ̀. Ojú ti Saeedah láti sọ òótọ́, ló bá ní, "Mo ti yó, Màmá."

Àfẹ́sọ́nà kọ oúnjẹ ìyá ọkọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Ìyá ní, "Ó ń fura sí mi ni? Mi ò fẹ́ ẹ fún ọmọ mi."

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Abdulwaris fi bẹ ìyá rẹ̀, kò gbà.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ n lọ bá wọn fúnra mi," ni Saeedah wí.

Ó kúnlẹ̀ láàárín iṣu ní ìsọ̀ Alhaja, ó la ẹnu, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá. Alhaja gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ mú, ó wò ó fínnífínní.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ojú ló tì mí, Màmá."

Ìyá tú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Egungun lásán ń yẹ̀ fún eyín, èmi ò wá ní lè yẹ̀ fún ọmọ mi? Abdulwaris! Lọ bá bàbá ẹ, kí wọ́n mú ọjọ́ yìgì."

Saeedah fẹ́ dúpẹ́, omijé ayọ̀ kò jẹ́. Abdulwaris ti sáré dé ojú títì kó tó mọ̀ pé òun ò wọ bàtà.