Ẹni Tó Ń Bomi Rin Kùkúńbà ní Tishigu

Ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà láàyè. N kò fi ohunkóhun kún un. Bí mo bá rí ibi tí mo ti lè yọ díẹ̀ kúrò, ara ìbá tù mí.

Ọdún 1969 ni, nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àjèjì! Tishigu, ní Tamale, ni wọ́n ti bí Wúlẹ̀mọ̀tù. Bàbá rẹ̀ ló mọ ilé tó ń gbé. Wọ́n ní kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí kò dé rí.

Ọgbà kùkúńbà ẹ̀yìnkùlé ló fi ń mọ bí ọdún ṣe ń lọ. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, yóò gbin hóró mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ìtàkùn bá yọ ọwọ́, yóò fi pòròpórò ọkà bàbà gbé e ró. Tí òjò bá pọ̀ jù, yóò já ewé ìsàlẹ̀ kó má baà jẹrà. Tí ọyẹ́ bá dé, omi kànga ni, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta láìbomi rin, ó parí.

Èèwọ̀ kan wà ńbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í na ìka sí èso tó ṣì kéré. Ẹ̀ṣẹ́ ni ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù kọ́ ọ pé kó máa nà sí i. Èyí tí a bá na ìka sí, jíjábọ́ ló ń jábọ́.

Alidu, aládùúgbò wọn, mọ èyí. Inú abọ́ kan náà ni òun àti Wúlẹ̀mọ̀tù ti jẹun ní kékeré. Ní ọjọ́ kẹta tí àṣẹ náà jáde, ó wọlé, ó ń fi ẹsẹ̀ díwọ̀n ìbú yàrá.

"Anago, o ò tíì di ẹrù?"

"Alidu, èmi lò ń pè ní Anago, bíi Yorùbá àjèjì?"

"Kí ni kí n máa pè ọ́? Mínísítà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó na ìka sí kùkúńbà kan. "Tèmi nìyí." Ó na án sí òmíràn. "Tèmi. Máa bomi rin wọ́n dè mí o."

"Mama, má dá a lóhùn," ni Sherifatu, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wí.

Nígbà tí Alidu lọ, Wúlẹ̀mọ̀tù wọ inú ọgbà. Ìka tí kò nà rí láti kékeré, ó nà án. Ó nà án sí gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jábọ́. Ẹ ò ní ṣẹ́kù fún un."

Ó da ojú igbá tó fi ń bomi rin wọ́n dé sórí àjà.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ọyẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan. Ọgbà gbogbo àdúgbò rọ. Tirẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Kò sí ẹyọ kan tó jábọ́. Ńṣe ni wọ́n ń tóbi sí i.

"Sherifatu, ṣé ìwọ lò ń bomi rin wọ́n?"

"Wallahi, kì í ṣe èmi. Omi wo? Kànga ti fà."

Ní ọjọ́ kẹrin, bí Wúlẹ̀mọ̀tù ṣe kírun àsùbáà tán, ó gbọ́ ọ. Ìró omi. Wọ́n ń dà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé kò yẹ kó kan ewé. Omi. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Omi.

Ó ṣílẹ̀kùn. Kò rí ẹnì kankan.

Igbá ṣì dojú dé lórí àjà. Eruku ọyẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ọgbà tutù. Ipa ẹsẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ó ti inú ọgbà wá dé ẹnu ilẹ̀kùn tí Wúlẹ̀mọ̀tù dúró sí. Kò sí èyí tó padà.

Ó bojú wẹ̀yìn wo inú yàrá. Ẹrù tí wọ́n ti dì nìkan ló wà níbẹ̀.

Sherifatu jáde wá wò ó. "Mama, ẹsẹ̀ ẹ ni."

"Mi ò tíì jáde láti àná."

Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni wọn ì bá sọ ọ́ fún?

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, ọkọ̀ akẹ́rù dúró lójú ọ̀nà. Ọlọ́pàá kan ń fi kóńdó lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Kíá! Kíá!" Sherifatu gbá yàrá tó ti ṣófo, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó gun ọkọ̀ lọ bá ìyá rẹ̀. Alidu ti dé pẹ̀lú àgádágodo tuntun. Ó fẹ́ kọ́kọ́ wo inú ilé. Ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí.

Wọ́n ti fi ìdábùú há a láti inú.

"Ta ló kù nínú ilé?"

"Kò séèyàn," ni Sherifatu dáhùn látinú ọkọ̀.

Alidu gbá ilẹ̀kùn. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Ohùn náà kò ga.

"Mo ń fọwọ́ lọ́wọ́. Mi ò lọ síbì kankan."

Ohùn Wúlẹ̀mọ̀tù ni. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ. Gbogbo wọn sì yíjú sí Wúlẹ̀mọ̀tù tó jókòó lórí ẹrù nínú ọkọ̀. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Ẹrẹ̀ tútù bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́.

Ọlọ́pàá wo ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ Wúlẹ̀mọ̀tù wà lórí ìwé, Wúlẹ̀mọ̀tù wà nínú ọkọ̀. Ìyẹn tó ìjọba.

"Wà á lọ," ló wí fún awakọ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe ń yí, Sherifatu bojú wẹ̀yìn. Alidu ti ki àgádágodo bọ àpò. Ó ti bọ́ bàtà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí àlejò.

"Gáfárà," ó ń wí. "Gáfárà o."

Lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń da omi.