Irin Tó Sán Lábẹ́ Ọ̀dà

Alángbá kan já bọ́ láti àjà pálọ̀, ó nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì mira mọ́. Èkejì rẹ̀ nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọkùnrin tó dúró ti ẹ̀rọ ńlá kan níbẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì gbá a jáde sí ẹ̀yìnkùlé kí ìyàwó rẹ̀ tó ti ilé ìdáná dé. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, nítorí orí ń fọ́ òun náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Mẹkáníìkì ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni. Ní èbúté, "Ọ̀gá Kò-Tàsé" ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ náà ń ṣe, torí pé kò sí ẹni tó gbọ́ "mo ṣe àṣìṣe" lẹ́nu rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òun rò pé oríkì ni. Bí ẹ̀rọ tó tún ṣe bá kọṣẹ́, epo ni kò dára. Bí kì í bá ṣe epo, awakọ̀ ni kò mọ ọkọ̀ wà. Ẹ̀bi kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀ yìí, gbogbo mẹkáníìkì èbúté ló ti wò ó, tí wọ́n ní òkú ni. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀. Irú èyí tó ń jókòó sínú ikùn ọkọ̀ ni, ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e wọlé. Kò-Tàsé ti lérí lójú gbogbo ènìyàn pé òun á jí i dìde nínú ilé òun, láìsí ẹni tó máa ran òun lọ́wọ́.

"Bí ẹ bá rí àbùkù kan ṣoṣo lára rẹ̀," ó ní, ó sì fọwọ́ lu àyà, "ẹ má pè mí lọ́mọ ìyá mi mọ́."

Àgbà awakọ̀ kan ní, "Ọ̀gá, ẹ yọ ti ìyá kúrò níbẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó sì ti bọ́ sílẹ̀.

Bí pálọ̀ ṣe di ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Wọ́n kó àga jáde. Ẹ̀rọ jókòó lórí pákó méjì níbi tí tábìlì wà tẹ́lẹ̀. Písítìnnì mẹ́rin tò sórí tíréè tí ìyàwó fi ń gbé omi fún àlejò, nọ́ọ̀tì sì kún inú abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. Ìyá Kò-Tàsé, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ń gbé yàrá tó fara ti pálọ̀. Kọ́tìnnì nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láràárọ̀, bí ọmọ rẹ̀ bá ti dọ̀bálẹ̀, arúgbó náà á ní, "Ọkọ mi, o jí ire bí? Òkú rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jí?" Àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ń lọ déédéé títí ó fi di ọjọ́ tó fi bẹntiróòlù fọ irin èéfín. Irin yìí ló ń gba èéfín láti inú ẹ̀rọ, tó ń dà á sí páìpù tó ń gbé e síta. Bí ẹ̀gbin ara rẹ̀ ti ń ṣí kúrò ni Kò-Tàsé rí i: ìlà kan, tín-ín-rín bí irun orí, láti etí irin náà dé ìdajì. Irin náà ti sán.

Ẹlòmíì á ti lọ wá òmíràn. Àmọ́ èbúté nìkan ni wọ́n ti lè rí i, ẹni tó bá sì lọ béèrè rẹ̀ níbẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún wọn pé àbùkù wà. Kò-Tàsé jókòó ti irin yìí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni ọ̀rẹ́ yìí. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́, wọ́n jọ mutí, wọ́n sì jọ jà. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́ta tí wẹ́dà ti gba Jésù, tí Bíbélì kékeré kan sì ti gba ipò ìgò nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé irin náà lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ọ̀rẹ́, mi ò ní bá ẹ jó o. Bí mo bá jó o lónìí, tó bá gbóná, á tún lanu. Ju irin yìí nù."

"Ta ló máa rí i?"

"Ìwọ ti rí i ná. Ọlọ́run náà sì ti rí i." Wẹ́dà rọra gbé irin sílẹ̀. "Má bínú sí mi o. Bí èmi náà ṣe rí nígbà kan nìyí. Ara ń dán, inú ti sán. Mo fi ọ̀rọ̀ dídùn kùn ún, mo fi lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kùn ún, ó ṣáà ń hàn padà. Ìgbà tí mo gbé e fún Jésù bó ṣe rí, tí mo ní 'ó ti bà jẹ́', ìgbà yẹn ni mo tó sinmi."

"Irin ni mo ní kó o wá jó, o wá ń wàásù," Kò-Tàsé dáhùn. "Máa lọ ilé ẹ."

Nígbà tí wẹ́dà lọ tán, ó fi gọ́ọ̀mù irin dí ojú ibi tó sán, ó họ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀, ó sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní tí àwọn ará èbúté bá ti wá wò ó tán, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ó di ìgbà yẹn.

Ó kan pákó mọ́ fèrèsé kí ará àdúgbò má baà gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ó dá ihò sára ògiri, ó na páìpù gba ibẹ̀. Ó fa omi láti inú àgbá kan tí á máa tu ẹ̀rọ lára. Lẹ́yìn náà ó ṣíná sí i, ẹ̀rọ sì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó pa á, tó sì bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rí ìlà dúdú tín-ín-rín kan lórí ọ̀dà tuntun. Gọ́ọ̀mù ti jóná, èéfín sì ń gba ibẹ̀ yọ.

Ó tún dí i. Ó tún kùn ún. Lọ́jọ́ kejì, ìlà dúdú náà tún padà.

Ìgbà náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ gbogbo ará ilé. Ìyàwó ní, "Dádì, ẹ̀rọ yìí ni o. Bí ẹ bá ti ṣíná sí i báyìí, òòyì á máa kọ́ mi." Màmá bì lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò-Tàsé wo ẹ̀rọ, ó wo ìyàwó rẹ̀, irọ́ náà sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Èéfín ń gba páìpù lọ síta. Oúnjẹ tó o ń sè fún Màmá ni kó o yẹ̀ wò."

Obìnrin náà gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì, tó ń da ọbẹ̀ àná nù, tó ń gbóòórùn ẹran kó tó gé e. Kò-Tàsé ń wò ó. Ó mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé irin ló burú jù nínú ìtàn yìí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni.

Lẹ́yìn náà ni àwọn alángbá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Nínú ilé yìí, nǹkan kan ti wọlé tó ń pa alángbá, baálé ilé sì ń fi ìgbálẹ̀ kó ẹ̀rí dànù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó dá fún àwọn ará èbúté, òjò ń rọ̀. Ìyàwó ti jáde lọ gba oògùn Màmá. Kò-Tàsé ṣíná sí ẹ̀rọ kí ó lè ti gbóná dáadáa kí àlejò tó dé. Ó ti ilẹ̀kùn kí òjò má baà fẹ́ wọlé, ó sì lọ pè wọ́n.

Ní èbúté, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. "Ẹ wá wo òkú tó ń kọrin!" Wẹ́dà ló dì í lápá mú.

"Ta ló wà nílé?"

"Màmá nìkan. Wọ́n ń sùn."

"Irin èéfín yẹn ńkọ́? O pààrọ̀ ẹ̀?"

Kò-Tàsé yíjú sí ọ̀nà ilé. Wẹ́dà ti ń sáré lọ.

Láti ìkóríta ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀rọ náà. Kò wúkọ́, kò gbọ̀n, ohùn rẹ̀ ń lọ geere. Láti ọjọ́ tí Kò-Tàsé ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì ṣe èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, ohùn dídùn náà sì ni ó ń pa ìyá rẹ̀.

Wẹ́dà fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé, ó di imú, ó pa ẹ̀rọ. Kò-Tàsé fa kọ́tìnnì ya. Ó pe Màmá, Màmá kò dáhùn. Wọ́n gbé e jáde sínú òjò, wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn.

"Kí ló ṣe wọ́n? Kí ni wọ́n jẹ?" nọ́ọ̀sì béèrè. "Ẹ tètè sọ ọ́. Bí a ò bá mọ ohun tó ṣe wọ́n, ohun tí kò ṣe wọ́n la ó máa wò."

Kí Kò-Tàsé tó dáhùn, ìyàwó rẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò ti sọ fún, sáré wọlé, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Ó kúnlẹ̀ gbì. "Èmi ni! Oúnjẹ mi ni! Nọ́ọ̀sì, mo fọ ìkòkò, mo tún un fọ̀, mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe!"

Ọkùnrin náà lè dákẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ó wù ú láti dákẹ́. Ká ní ó dákẹ́ ni, orúkọ rẹ̀ á ṣì wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ti bó nítorí fífọ ìkòkò, ohun kan sì já nínú rẹ̀.

"Irọ́ ni," ó ní. "Kì í ṣe oúnjẹ. Èéfín ẹ̀rọ ni. Irin ti sán, mo fi ọ̀dà bò ó. Mo mọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Nọ́ọ̀sì kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ń fi ọ́síjìn sí arúgbó nímú. Ìyàwó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀, wíwò yẹn sì dun ọkùnrin náà ju èébú lọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó dojú bolẹ̀. "Ṣé irú èmi yìí ṣì ní àtúnṣe?"

Wẹ́dà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. "Jésù kì í kun ọkàn lọ́dà. Tuntun ló ń fúnni. Nítorí ohun tó o bò mọ́lẹ̀ yẹn gan-an ló ṣe kú. Sọ ọ́ fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì."

Àdúrà Kò-Tàsé kò gùn. "Jésù, mo purọ́. Mo gbéra ga. Mo ti bà jẹ́. Gbà mí." Olúwa tí kì í ta ẹni tó ronú pìwà dà nù sì gbà á níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tútù yẹn.

Nígbà tó dìde, ìyàwó rẹ̀ ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó ní, "Ẹ dìde."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Màmá lajú. Ọmọ rẹ̀ sáré dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Arúgbó náà wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ dákun, ọmọ ta ni yín?"

Ó rántí ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní èbúté: "Ẹ má pè mí lọ́mọ ìyá mi mọ́." Dókítà ní èéfín náà ti ba ọpọlọ Màmá jẹ́, bóyá yóò padà sípò, bóyá kò ní padà.

Ó ti pé ọdún kan báyìí. Kò-Tàsé ti gbé irin aláwọ̀ ewé náà lọ sí èbúté, ó họ ọ̀dà rẹ̀ kúrò lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ wá wo àṣìṣe mi." Ní àwọn òwúrọ̀ kan, Màmá á pè é ní ọkọ mi. Ní àwọn òwúrọ̀ mìíràn, á kí i pẹ̀lú "ẹ", á sì béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Kò-Tàsé á ní, "Ọmọ yín ni mí, Màmá. Èmi ni mo fà á. Ẹ foríjì mí." Ọlọ́run ti dárí jì í, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀ ló ń kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì kó tó wọlé, torí kò mọ irú ìkíni tó ń dúró de òun.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Kí ni ìwọ kùn lọ́dà? Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń yìn ọ́ níta, orí sì ń fọ́ àwọn ará ilé rẹ. Ta ló ń fọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì nítorí irọ́ rẹ? O ti dí i, o ti kùn ún, ìlà dúdú náà sì ti tún padà, o sì mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í sábà rùn sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Oorun ló máa ń kùn ún.

Má sọ pé ó di ìgbà tí àlejò bá lọ tán. Jésù ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún irú ẹni tó o jẹ́ gan-an, kì í ṣe irú ẹni tí wọ́n rò pé o jẹ́. Sọ fún un níbi tó o jókòó sí yìí: "Olúwa, ó ti sán, mo sì mọ̀. Gbà mí." Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tó ń jìyà irọ́ rẹ, kó o sọ òótọ́ fún un kí oòrùn òní tó wọ̀.

Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Lọ ṣí i lónìí, nígbà tí ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì ṣì mọ̀ ọ́.