Orúkọ Ọmọ Mi Nínú Ẹ̀rọ Wọn

Ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn tí a sin ọmọbìnrin mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Rẹ́rìn-ín ló wá sọ fún mi. Òun ló ń ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi, ohun tó sì máa ń sọ fún oníbàárà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní lójoojúmọ́, bí aago méjì bá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú, àwọn kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní gbọ́ ti ara wọn mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́.

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ọmọ mi ṣubú lórí àga rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá wọn tún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé kò ṣàìsàn, kò ráhùn, bí ìgbà téèyàn pa iná ló lọ. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ ìyá mi ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ọ̀pá mi, mo lọ síbẹ̀. Mo bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Oníwáyà ni wọ́n ń pè é. Ó ti pààrọ̀ gbogbo wáyà, ó ti pààrọ̀ àpótí kékeré tó so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀, pàbó ló já sí. Àbúrò mi rí mi, ó ní ọ̀pá ò lè tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo ní lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè tún ẹlòmíràn ṣe. Mo jókòó.

Oníwáyà bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀rọ. Orúkọ ọmọ mi ni wọ́n dá. Òun ló to gbogbo rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sì ni àwòrán gbogbo wà. Nígbà tó kú, àbúrò mi ní yíyí orúkọ padà á gba ọjọ́ méjì, kí wọ́n máa lò ó lọ. Bí wọ́n bá dé láràárọ̀, wọ́n á tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ márààrún, títí kan tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí.

Mo ní, “Ẹ sin ín tán, ẹ tún ń pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún láràárọ̀ kó wá ṣiṣẹ́?”

Rẹ́rìn-ín ń wo bàtà rẹ̀.

Oníwáyà ló wá rọra sọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ̀rọ márùn-ún ló wà níbí. Ẹni mẹ́fà ló ń fi orúkọ yìí ṣiṣẹ́.” Ó ń fa wáyà tó so ẹ̀rọ pọ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí márààrún fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣì kù lórí orúkọ náà.

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ mẹ́rin dákẹ́. Ti ọmọ mi nìkan ló tan, àwòrán ìyàwó kan sì yọ lójú rẹ̀. Òórùn ìpara tí ọmọ mi máa ń fi pa àyà gba yàrá náà. Lábẹ́ àwòrán yẹn, níbi tó ti máa ń kọ orúkọ oníbàárà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí n tó kọ́ ìwé kíkà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mò ń kà. Bí wọ́n sì ṣe ń jáde nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ó mọ̀ pé èmi ni mò ń wò ó.

*Bàbá Kékeré, ẹ jẹ́ kí n lọ sílé. Àyà ń dùn mí.*

Àbúrò mi ló máa ń pè ní Bàbá Kékeré. Mo bi í pé kí ló fi dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹ̀rọ yẹn ló ya wèrè. Mo yíjú sí Rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tọrọ àyè,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Ọ̀gá wa ní kó parí àwòrán ìyàwó ná.”

Mi ò pariwo. Ìbínú kan wà tí kì í gbé ohùn sókè. Mo ní kí Oníwáyà pa orúkọ náà rẹ́. Ó ní bí orúkọ bá lọ, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á bá a lọ. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó di ṣòkòtò mi mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán ọmọ yín náà wà níbẹ̀. Kò sí òmíràn níbòmíràn.”

Kò parọ́ nísinsìnyí. Ẹni tó ń tún ojú gbogbo ayé ṣe kò mú ojú ara rẹ̀ wá sílé rí. Mo ní kí Oníwáyà dúró ná. Àwọn lẹ́tà náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: *Bàbá Kékeré, ẹ jẹ́ kí n lọ sílé.*

Mo bi Oníwáyà pé èwo ni wọ́n ń tẹ̀ kí orúkọ náà lè parẹ́. Ó nawọ́ sí i. Mo tẹ̀ ẹ́.

Àga ọmọ mi yí díẹ̀, bí àga ṣe ń yí bí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá dìde. Òórùn ìpara náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀rọ wọn ò dákẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ohun tó ṣòfò nìyí: àwòrán ẹgbẹ̀rún lọ́nà mọ́kànlélógójì, ìgbéyàwó igba ó lé méjìlá wà nínú wọn. Àbúrò kan, tí mi ò tíì bá sọ̀rọ̀ títí dòní. Àwòrán ọmọ mi, mẹ́rin.