Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Kò Lórí Lójú Ọ̀sà

Láti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń dóòlà ẹ̀mí lójú omi ti gbé kámẹ́rà kan kalẹ̀ létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, Bàrígà, ni aṣọ ti di ọ̀wọ́n gógó. Wọ́n ní ó ń rí ìhòòhò èèyàn láti ọ̀nà jíjìn, aṣọ yòówù kéèyàn wọ̀. Ìyá arúgbó kan wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ méje léra kó tó jáde wá yan ẹja. Láti ìgbà tí alágbádá ti gbàjọba, ohun tí wọ́n bá gbé wá, a kọ́kọ́ máa ń fura sí i ná.

Ikúmápàyí apẹja ló gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ jù. Bí àwọn apẹja ti ń ṣe, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì bó bá ti wọ ọkọ̀. Bó bá wá dé ọ̀kánkán kámẹ́rà, á dùbúlẹ̀ gbalaja sínú ọkọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru ọyẹ́ bo ọ̀sà. Ó ki débi pé lékèélékèé ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ẹ́ńjìnnì Ikúmápàyí kú, omi sì ń gbé e lọ sójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ akérò tó máa ń sáré bí ẹni tí ilé ń jó. Kò mọ ibi tí òun wà. Ó pe Sabina ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn sì fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó sáré lọ bá Adéníjì tó ń lo kámẹ́rà.

Ó ní ọkọ òun á ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á sì ti dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ nítorí kámẹ́rà. Adéníjì wo ojú kámẹ́rà títí. Igi gẹdú tó já mọ́ àwọn tó ń fà á lórí omi lọ́wọ́ pọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ tí èèyàn bá sì dùbúlẹ̀ sí kò yàtọ̀ sí gẹdú.

"Màmá, ẹ ní kí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn, kí wọ́n dìde."

Ikúmápàyí ní òun ò dìde, òun ò ní sọ ara òun di sinimá.

"Bàbá Dàpọ̀, ta ló fẹ́ wo ìhòòhò yín? Èmi tí mo ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti sú mi. Ẹ dìde, ọkọ̀ ń bọ̀," ni Sabina wí fún un lórí fóònù.

Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dìde. Lójú kámẹ́rà, ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ láàárín gẹdú, ó ń ju ọwọ́. Kò lórí.

"Orí ọkọ mi dà?"

"Ó wà lọ́rùn wọn, màmá."

Adéníjì ké sí ọkọ̀ akérò kó dúró, ó sì júwe ibẹ̀ fún ọkọ̀ adóòlà. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. Kámẹ́rà náà ń ta ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí, tó sì ń la kùrukùru kọjá. Ìmọ́lẹ̀ náà á lọ kan nǹkan, á padà. Bó bá ṣe pẹ́ tó lọ́nà ni kámẹ́rà fi ń mọ bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó, àti ibi tó yọ síta àtibi tó wọnú lára rẹ̀. Aṣọ ń dá a padà dáadáa. Awọ ara èèyàn kì í fẹ́ dá a padà, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣókùnkùn.

Nígbà tí wọ́n fa Ikúmápàyí dé èbúté, apẹ̀rẹ̀ ẹja ló fi bo iwájú.

"Ohun tí kò rí orí yín," ni Sabina wí, "ṣé ìdí yín ló máa wá rí?"

Ẹ̀yin ará Bàrígà, kámẹ́rà yìí kì í tú èèyàn láṣọ. Ẹ má fara pamọ́ fún un. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti jákẹ́ẹ̀tì adóòlà ẹ̀mí lójú omi. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ tètè pè, kí ẹ gbé ara sókè níbi tí wọn á ti rí yín. Bí ọkọ̀ bá ń mì, ẹ jókòó ṣánṣán, ẹ má dìde. Kí ìyá arúgbó náà sì jọ̀ọ́, kó dá ṣòkòtò wọ̀nyẹn padà. Láti ìjẹta ni bàbá ò ti lè jáde nílé.